Lẹ́tà onígun fún pátákó wẹ́dà ní Òṣogbo: àmì ohùn kò bá a mu, kí ni kí n ṣe?

ỌmọWẹ́dà, Ajé, 7:12 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé iṣẹ́ wẹ́dà bàbá mi tó wà ní ọ̀nà Gbọ̀ngán ni mo ń tún ṣe. Bàbá ti kó iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, èmi obìnrin, àkọ́bí wọn. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ti dípẹtà débi pé ẹni tó ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè kà á.

Irú lẹ́tà tó máa ń wà lára ẹ̀rọ àtijọ́ ló wù mí: lẹ́tà ńlá, tó ki, tí kò ní ibì kankan tó ṣe róbótó, tí gbogbo igun rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi gíràǹdà gé. Mo rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyí, ìlà méjì:

ILẸ̀KÙN ÀTI GÉÈTÌ
IRIN ỌKỌ̀ ÒṢOGBO

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, Ẹ̀, Ọ, Ọ̀ àti Ṣ jáde pẹ́lẹ́ńgẹ́, róbótó, bí àlejò láàárín àwọn yòókù. Onítẹ̀wé tí mo gbé e lọ bá ní kí n yọ gbogbo àmì dànù, pé kò sí ẹni tó ń ka àmì lórí pátákó. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì mi tó fi tẹ̀ ẹ́ sórí flex, ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ pátákó sí: ILEKUN ATI GEETI, IRIN OKO OSOGBO. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún Bàbá, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Oko ta ni?"

Owó flex yẹn ti lọ. N kò fẹ́ ṣe àṣìṣe kejì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àtísìtì_Àgbà, Ajé, 8:40 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ìnáwó. Láti ọdún 1984 ni mo ti ń kọ pátákó, ara bọ́lẹ́kájà àti ara lọ́rì nílùú yìí. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú okùn tí a fi ẹfun pa àti búrọ́ọ̀ṣì. Àmì abẹ́, mo máa ń fi í sí i, torí pé Ṣ tí kò ní àmì ti di S. Àmì orí ni n kì í fi sí i. Lẹ́tà tó ki fẹ́ ààyè, àmì orí á jẹ ààyè náà, wàá wá sọ lẹ́tà di kékeré nítorí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ń sáré kọjá ni, kò ráyè ka ohùn.

Ya àwòrán tírélà sí ẹ̀gbẹ́ IRIN ỌKỌ. Gbogbo ayé á mọ̀ pé mọ́tò lò ń sọ.

Tíṣà_Yorùbá, Ajé, 10:05 àárọ̀

Bàbá Àtísìtì, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, sà. N kò lè gbà pẹ̀lú yín lórí eléyìí.

OKO tí onítẹ̀wé yẹn kọ, ibi tí àgbẹ̀ ń lọ ni. ỌKỌ tí ẹ̀yin kọ, ẹni tó fẹ́ ìyàwó ni. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọ̀kọ̀ ni jagunjagun ń gbé lọ sójú ogun, ọkọ̀ ni tírélà. Ìtumọ̀ kan ṣì kù tí kò yẹ lára pátákó rárá. Níbi iṣẹ́ irin, ọkọ́ àti ọkọ̀ ló sún mọ́ra jù, nítorí irin ni wọ́n fi ń rọ méjèèjì. Bí àgbẹ̀ kan bá ti Ìlobùú wá tó yà bèèrè ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí, kò jẹ̀bi.

Ẹ má sì jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni àmì dé. Ọdún 1875 ni wọ́n ti pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Àkọtọ́ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ lónìí, ọdún 1974 ni wọ́n tún un ṣe. Síbẹ̀ OSHOGBO àti OSOGBO ló kún ìgboro wa. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ń kọjá pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Dáyọ̀_Afọ́ǹtì, Ajé, 1:22 ọ̀sán

Àǹtí ỌmọWẹ́dà, ẹ kú ìnáwó. Fọ́ǹtì yíyà ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín dáadáa, torí pé kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Fọ́ǹtì dà bí àpótí tí a to lẹ́tà sí. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà tí kò sí nínú àpótí náà, kọ̀ǹpútà á lọ yá a láti inú àpótí mìíràn, kò sì ní sọ fún yín. Ìdí tí Ẹ̀ fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn.

À, È, É àti Ù máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì nítorí pé àwọn ará Faransé ń lò wọ́n. Ì àti Ò, àwọn ará Ítálì ló ni wọ́n. A kàn ń bá wọn jẹ níbẹ̀ ni. Ẹ àti Ọ, ẹ lè rí wọn nínú fọ́ǹtì tó bá gba èdè Vietnam, torí pé àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ E àti O. Ṣùgbọ́n wọn kò ní Ṣ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀: wọ́n á rí Ẹ àti Ọ, wọ́n á rò pé Yorùbá ti pé, àfi ìgbà tí wọ́n bá dé orí Òṣogbo.

Èyí tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀ ló le jù. Ẹ̀, Ẹ́, Ọ̀ àti Ọ́ kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí: U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, U+0301 fún ohùn òkè. Ẹni tó ya fọ́ǹtì náà ló gbọ́dọ̀ ti fi ibi tí àmì yóò jókòó sí hàn lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe é, àmì á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gún lẹ́tà lórí. Kí ẹ tó fi ọkàn sí fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ Ẹ̀ṢỌ́. Bí ọ̀rọ̀ kan yẹn bá jáde dáadáa, ẹ lè máa bá a lọ.

Ní ti irú lẹ́tà tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ó ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ṣọ́ọ̀bù wa. Morris Fuller Benton ló ya Bank Gothic ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930, ó sì ya Agency Gothic lọ́dún 1932. Ní ìlú Turin ní Ítálì, Aldo Novarese àti Alessandro Butti gbé Microgramma jáde lọ́dún 1952, lẹ́tà ńlá nìkan ló ní. Novarese wá ya Eurostile láti ara rẹ̀ lọ́dún 1962. Lẹ́yìn wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Machine dé lọ́dún 1970, òun gan-an ló jọ ohun tí ẹ ń ṣàpèjúwe: kò sí ìlà tó tẹ̀ nínú rẹ̀, gígé ni gbogbo igun rẹ̀. Lẹ́tà wọ̀nyí dára, mo fẹ́ràn wọn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kún ààyè wọn láti òkè délẹ̀, ẹni tó yà wọ́n kò ro pé àmì máa gun orí wọn, kó tún wà lábẹ́ wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀fẹ́, ẹ wo Chakra Petch lórí Google Fonts. Àwọn Cadson Demak ní Thailand ló ṣe é, igun rẹ̀ gé. Big Shoulders tí Patric King ṣe fún ìlú Chicago ga, ó sì ki. Noto Sans gba Yorùbá tó péye, kàn jẹ́ pé kò ní igun tí ẹ ń wá.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí: ẹ má pààrọ̀ fọ́ǹtì yín. Mo ka ohun tí ẹ fẹ́ kọ. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló sọnù nínú rẹ̀, Ẹ̀, Ọ, Ọ̀ àti Ṣ. Ẹ tẹ E, O àti S lásán, ẹ fi Ctrl+Q sọ wọ́n di àwòrán, kí ẹ wá fi ọwọ́ ya àmì sí wọn pẹ̀lú igun kan náà tí lẹ́tà ní. Bí igun lẹ́tà bá gé ní dígírì 45, kí orí àmì náà gé ní 45. Àmì tó ní ìrù tínínrín bíi ti inú ìwé kò ní bá lẹ́tà irin gbé.

Sítíkà_Alẹ́kùwọdò, Ajé, 2:10 ọ̀sán

Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan lẹ́tà nínú CorelDRAW, ẹ wá Ș. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, òun ni mo ń lò.

Ohun kan tí mo mọ̀ dájú: tí ẹ bá fẹ́ fi sítíkà gé e, àmì abẹ́ kò gbọdọ̀ kéré. Èyí tí kò tó ìbú àtàǹpàkò, oòrùn á ká a sókè kí ọdún tó yí po. Mo ti padà lọ lẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Róbótó ló dára jù, igun mẹ́rin máa ń tètè ṣí.

Dáyọ̀_Afọ́ǹtì, Ajé, 2:31 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún ti sítíkà, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ș yẹn kì í ṣe tiwa o. Ti àwọn ará Romania ni, kọ́mà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí ìrù rẹ̀ tó yí sí apá òsì. Lórí sítíkà kékeré ẹnikẹ́ni lè má kíyè sí i, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà bá ga ní ínṣì 12, gbogbo ọ̀nà Gbọ̀ngán á rí kọ́mà náà.

ỌmọWẹ́dà, Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: n kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa gé lẹ́tà náà láti ara ṣíìtì irin. Kí wẹ́dà máa gbé pátákó flex kọ́, ojú mi kò gbà á. Pátákó náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú àti 4 ní gíga.

Ìbéèrè mi wá di èyí: lẹ́tà tó dá dúró, ibo ni àmì rẹ̀ máa dì mú? Ṣé kò ní jábọ́?

Kọ́lá_Onírin, Ajé, 8:15 alẹ́

Ibí ni mo ti lè ràn yín lọ́wọ́, àǹtí, torí pé mo ti gé irú rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì méjì.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gé lẹ́tà yọ, kí ẹ gbé e lé ara pátákó. Ẹ sì lè gé ihò lẹ́tà sí ara ṣíìtì, kí iná máa tàn láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fẹ́ gé e yọ, àmì á dá wà. Ẹ fi ọ̀pá kékeré so ó mọ́ lẹ́tà láti ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ jó o mọ́ pátákó tààrà. Tí ẹ bá fẹ́ gé ihò, kò sí wàhálà kankan, ihò lásán ni àmì.

Ṣíìtì tí kò tó mílímítà 2, ẹ má gbé iná gáàsì sún mọ́ ọn, á ká kò. Dísìkì ìgé ni kí ẹ lò. Ibi tí lẹ́tà onígun ti wúlò fún wa nìyí: dísìkì kò lè gé ìlà tó tẹ̀, ọ̀nà tó tọ́ ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi gíràǹdà gé O róbótó á jìyà, ṣùgbọ́n O onígun mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ẹ ṣọ́ igun inú nìkan. Dísìkì máa ń gé kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ dá a dúró kó tó dé igun, kí ẹ fi ayùn irin àti fáìlì parí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ lẹ àmì abẹ́ mọ́ lẹ́tà, kó di ohun kan ṣoṣo. Kò ní jábọ́ láéláé.

Tíṣà_Yorùbá, Ajé, 8:50 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ O. O tó ní ìrù ti di Q. Mo ti rí i tí ọmọ ilé ìwé kà á bẹ́ẹ̀.

Àtísìtì_Àgbà, Ajé, 9:20 alẹ́

Tíṣà, ìwọ náà gbọ́. Ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan lábẹ́ lẹ́tà wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a kà ní kékeré, ìlà ni, kì í ṣe ẹ̀kán róbótó. Ìrù Q máa ń ya sí apá ọ̀tún. Bí ìlà bá wà láàárín gan-an tó sì kúrú, Q kọ́. Àmọ́ mo gbà fún ọ lórí S: tí a bá lẹ ìlà mọ́ ọn, tí ìlà náà gùn, á fẹ́ jọ àmì owó dọ́là. Ọmọ mi, dá àmì ara Ṣ dúró, ya àwọn yòókù bó ṣe wù ọ́.

Tíṣà_Yorùbá, Ajé, 9:34 alẹ́

Òótọ́ ni ti ìwé àtijọ́, sà. Ṣùgbọ́n tí a bá lẹ ti Ọ, tí a dá ti Ṣ dúró, ọwọ́ méjì ti wọ inú pátákó kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dá dúró.

Àǹtí_Aláró, Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Àdìrẹ ni èmi ń ṣe, n kì í ṣe wẹ́dà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ Kọ́lá ṣe kó má ba ọmọ yìí níṣẹ́ jẹ́.

Ó ní tí a bá gé ihò, kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Ní Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n máa ń gé tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀kọ mọ́ aṣọ fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Gbogbo ẹni tó bá ti gé páànù rí mọ̀ pé tí o bá gé O yí po, inú rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀. A, B, Ọ, Ò, gbogbo wọn ni inú wọn máa já. Àfi kí o fi afárá sílẹ̀, irin tóóró tó so inú mọ́ òde. Nínú ohun tí ọmọ yìí fẹ́ kọ, mo ka Ọ, Ọ̀, Ò, O méjì, À, R àti B. Mẹ́jọ ni wọ́n. Tó bá gé e bí Kọ́lá ṣe wí láìfi afárá sílẹ̀, ihò gbàgàdà mẹ́jọ ló máa kù.

Afárá kì í ba lẹ́tà onígun jẹ́, ó tilẹ̀ ń bùkún un ni. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń fín sára àpótí ẹrù àti ti ológun, afárá wà lára gbogbo wọn, ẹwà wọn sì ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí Àṣírù Ọlátúndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ ìlú wa níbí, tó ń fi òòlù lu bàbà àti alumíníọ̀mù títí tí ènìyàn, igi àti ẹranko fi ń yọ lára rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé, kí ló dé tí àmì ohùn kò lè yọ lára irin bẹ́ẹ̀, láìgé e rárá? Mo kàn gbé e síbẹ̀ fún yín láti wò ni.

Kọ́lá_Onírin, Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Mo gbà, Àǹtí. Mo yára sọ̀rọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì méjì yẹn, lẹ́tà tí a gé yọ ni.

Dáyọ̀_Afọ́ǹtì, Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀

Ohun kékeré kan: ẹ ka ìwé àṣẹ tó bá fọ́ǹtì yín wá. Ọ̀pọ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́, fún ìlò ara ẹni nìkan ni, pátákó iṣẹ́ sì ti di òwò. Èyí tó bá wà lábẹ́ SIL Open Font License, ẹ lè fi ṣòwò, ẹ sì lè tún un yà.

Àtísìtì_Àgbà, Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Mo sùn lé ọ̀rọ̀ yìí lórí. Mo mú síkéèlì láàárọ̀, mo ya pátákó ẹsẹ̀ 12 sí 4 sórí páálí. Ọmọ mi, àmì orí náà á gbà á. Ohun tí mo rí nìyí.

Gíga rẹ jẹ́ ínṣì 48. Fi 5 sílẹ̀ lókè. Àmì orí ìlà kìíní gba 4. Lẹ́tà gba 12. Àárín ìlà méjèèjì gba 7. Lẹ́tà ìlà kejì gba 12. Àmì abẹ́ gba 3. Ó ku 5 nísàlẹ̀. Ó pé géérégé.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àmì abẹ́ ìlà kìíní á kọlu àmì orí ìlà kejì. Mo wò ó: Ẹ̀ nìkan ló ní àmì abẹ́ nínú ìlà kìíní, lẹ́tà kẹta ni. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni IRIN wà, IRIN kò sì ní àmì orí kankan. Wọn kò ní pàdé láéláé. Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni, a ò bá ti yí i padà.

Fi ínṣì kan sílẹ̀ láàárín lẹ́tà àti àmì. Kí àmì abẹ́ jẹ́ igun mẹ́rin, ínṣì 2 sí 2. Ìṣirò wa láyé àtijọ́ ni ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Lẹ́tà ínṣì 12, ẹni tó wà ní ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà á kà á láìfún ojú.

Tíṣà, o borí lórí àmì orí. Àwòrán tírélà ṣì wà níbẹ̀ o, n kò tíì yọ ọ́.

ỌmọWẹ́dà, Àbámẹ́ta, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti gé Ọ̀ ìparí ỌKỌ̀, òun ni mo fi ṣe ìdánwò. Lẹ́tà tí a gé yọ ni mo yàn, ṣíìtì mílímítà 2. Mo dá àmì dúró, mo fi ọ̀pá kékeré so ó láti ẹ̀yìn bí Bọ̀dá Kọ́lá ṣe wí, Tíṣà ló yí mi lọ́kàn padà.

Mo gbé e ti ògiri, mo sọdá sí òdìkejì títì. Àmì abẹ́ dára. Àmì orí kò hàn tó. Ẹsẹ̀ lẹ́tà ki ní ínṣì 2 àti ààbọ̀, àmì orí tí mo gé kò ju ínṣì kan lọ. Bàbá jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ kò ròkè." Mo ní, "Bàbá, ohùn ìsàlẹ̀ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gé e kó ki sí i.

Mo ti gé òmíràn ní ínṣì 2 báyìí, orí rẹ̀ gé ní 45 bíi ti igun lẹ́tà. Ó wá jọ pé wọ́n bí òun àti O papọ̀ ni. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ Ṣ. Bàbá Àtísìtì, ẹ̀yin ló máa wá ya tírélà náà, tí ẹ bá ráyè. Ọ̀dà wo ni kí n kọ́kọ́ fi kùn ún kó má baà dípẹtà?

Àtísìtì_Àgbà, Àbámẹ́ta, 7:30 alẹ́

Màá wá lọ́jọ́ Ajé. Fi yanrìn-pépà ha ojú irin náà títí á fi dán, nu epo ara rẹ̀ kúrò, kí o wá fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kun ojú àti ẹ̀yìn. Má gbàgbé ẹ̀yìn àmì, níbi tí o ti jó ọ̀pá mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni òjò máa ń dúró sí.